Ojú Ọgbẹ́ Mẹ́ta, Odidi Abala Ẹ̀dọ̀fóró Kan

Ojú ọgbẹ́ mẹ́ta ló wà ní ìhà ọ̀tún mi. Méjì nínú wọn kò fẹ̀ ju orí ìka kan lọ, ẹ̀kẹta sì gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Wọ́n ti jinná, wọ́n ti di àpá tín-ín-rín, ẹni tí n kò bá gbé aṣọ sókè fún kò lè mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ojú èyí tó gùn jù ni àwọn dókítà ti fa òkè ẹ̀dọ̀fóró mi jáde, odidi abala kan, pẹ̀lú jẹjẹrẹ tó fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó ń múra àtilọ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, àti fún ẹni tó ti ṣe é tó sì ń bi ara rẹ̀ lóru pé kí ló dé tí òun kò tíì padà sí bí òun ṣe wà tẹ́lẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ojú ọgbẹ́ ni mo fi ń wọn àlàáfíà mi. Àwọn tó fẹ́ràn mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ ti jinná, nítorí náà ara ti yá: bí a ṣe ń rò ó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, èrò yẹn ló sì mú kí n máa jẹ ìyà tó ní oògùn.

Ẹni ọdún 56 ni mí nígbà tí wọ́n rí kókó náà. Olùkọ́ ni mí, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́. Mo yọ̀ ṣubú lọ́jọ́ kan, mo fi èjìká ọ̀tún gbálẹ̀, wọ́n sì ní kí n lọ ya fọ́tò àyà nítorí egungun ìhà. Egungun kankan kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn gbé ohun funfun roboto kan jáde ní òkè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún. Wọ́n gbé mi sínú ẹ̀rọ síkáànù, wọ́n wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 1.8. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni. N kò húkọ́, n kò rù, èémí kò há mi. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí ṣe máa ń dákẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ títí yóò fi tàn kálẹ̀. Ìṣubú ló gbà mí.

“Ṣé ẹ máa ń mu sìgá ni?” Ìbéèrè yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó bá gbọ́. N kò fi sìgá kan ẹnu rí. Lóòótọ́, sìgá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Èéfín sìgá ẹlòmíràn, ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́, gáàsì radon tó ń ti inú ilẹ̀ jáde, àyípadà tó ṣàdédé bá sẹ́ẹ̀lì ara, gbogbo wọn lè fà á. Mo ti jókòó ti ọkùnrin kan tó mu sìgá fún 30 ọdún níbi tí a ti ń dúró de dókítà. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè yẹn, ó sorí kọ́ bí ọmọ tí wọ́n mú. Ó dùn mí fún un ju bó ṣe ń dùn mí fún ara mi lọ. Ìtọ́jú ni aláìsàn wá gbà, kò wá jẹ́jọ́.

Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ya ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì sórí ìwé. Ti ọ̀tún ní abala 3, ti òsì ní 2, nítorí pé ọkàn gba àyè lápá ibẹ̀. Abala òkè lọ́tùn-ún ni yóò yọ, yóò sì ṣa díẹ̀ nínú àwọn wóró kéékèèké tó ń sẹ́ omi ara ní àgbègbè náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti dé ibẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò lè yọ kókó náà pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹran tó yí i ká, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún mi. Mo ti kà nípa ìwádìí kan tí àwọn dókítà Japan gbé jáde ní 2022. Ènìyàn 1,106 ni wọ́n fi ṣe é, tí kókó wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n yọ ìpín kékeré fún pẹ́ láyé bí àwọn tí wọ́n yọ odidi abala fún, kódà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju tiwọn lọ. Kò bínú sí ìbéèrè mi. Ó fi bírò tọ́ka sí ibi tí kókó tèmi wà, ní ìsàlẹ̀ abala náà níbi tí òpó ẹ̀jẹ̀ àti òpó afẹ́fẹ́ ti pàdé, ó ní bí òun bá bù díẹ̀ níbẹ̀, òun kò ní lè fi ọkàn balẹ̀ pé gbogbo jẹjẹrẹ ti kúrò. Ó tún ní nínú ìwádìí yẹn kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín èémí àwọn méjèèjì lẹ́yìn ọdún kan kéré ju bí wọ́n ṣe retí lọ. Ohun tó ń sọ yé mi. Mo fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ inú àyà. Èyí tó ti pẹ́ ni kí wọ́n la ẹ̀gbẹ́ ènìyàn gbọọrọ, kí wọ́n fi irin ya egungun ìhà sọ́tọ̀ kí ọwọ́ dókítà lè wọlé. Èkejì ni tèmi: wọ́n dá ihò kéékèèké, wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ọ̀kan, wọ́n ti irinṣẹ́ bọ àwọn yòókù, dókítà sì ń wo inú àyà lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọn kì í ya egungun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń yọ abala ẹ̀dọ̀fóró báyìí. Níbòmíràn, rọ́bọ́ọ̀tì ló ń di irinṣẹ́ mú, dókítà á máa darí rẹ̀ láti orí àga.

Mo ka ohun tí mo lè kà. Ní Denmark, ìwádìí kan tó jáde ní 2016 pín ènìyàn 206 sí ọ̀nà méjèèjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, 63 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n la ẹ̀gbẹ́ wọn ló ní ìrora tó wà láti ìwọ̀nba dé líle. Nínú àwọn tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe fún, 38 ni. Jálẹ̀ ọdún kan tó tẹ̀ lé e, irú ìrora bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lára àwọn oníkámẹ́rà tó ti ẹgbẹ́ kejì. Ìwádìí míì tí wọ́n ń pè ní VIOLET, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 9 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì jáde ní 2022, bi ènìyàn 503 léèrè bí ara wọn ṣe ń gbé wọn ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Àwọn oníkámẹ́rà ló sàn jù.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. “Ó sàn ju tọ̀hún lọ” ni ìwé wí. “Kò ní dùn ọ́” ni èmi kà sí i. Ó kéré tán, ènìyàn 38 nínú ọgọ́rùn-ún wà níbẹ̀ tó dùn, n kò kà wọ́n sí, n kò bi ara mi bóyá mo lè wà lára wọn.

Ọjọ́ ilé ìwòsàn kò gùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni nọ́ọ̀sì ti gbé mi dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Rọ́bà kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ mi wọ inú ike olómi kan tó ń hó nígbà tí mo bá húkọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń jò láti ojú ibi tí wọ́n gé ló ń hó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, híhó náà dáwọ́ dúró, wọ́n fa rọ́bà yọ, lọ́jọ́ kẹrin mo ti wà nílé. Ohun méjì tó ràn mí lọ́wọ́ ni ìrọ̀rí tí mo ń gbá mọ́ra pẹ̀lú agbára bí ikọ́ bá ń bọ̀, àti oògùn tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò kí egbòogi ìrora tó dí mi. Ẹ béèrè rẹ̀ ṣáájú. Ọjọ́ kan péré tí n kò lò ó, mo mọ̀ ọ́n lára.

Èsì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìpele kìíní ni, kò sí jẹjẹrẹ nínú àwọn wóró náà, n kò nílò kẹmotẹ́rápì, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. Gbogbo ilé ń yọ̀. Àbúrò mi obìnrin ní kí n jẹ́ kí òun wo ojú iṣẹ́ abẹ náà, ó wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò ju báyìí náà lọ? Ọlọ́run mà ṣeun o.” Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó di ẹrù lórí mi, nítorí bí ọgbẹ́ kò bá ju báyìí lọ, kí ni mo tún fẹ́ máa ṣàròyé lé lórí?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣí ìwé ìtàn láti kà á fún àwọn ọmọ, bí mo ti ń kà á láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ní ohùn gooro. Nígbà tí mo dé ìdajì gbólóhùn, èémí tán. Ó tán pátápátá, bí ẹni pé wọ́n pa á. Mo fà á wọlé, mo tún bẹ̀rẹ̀, ikọ́ gbígbẹ sì bẹ́ sílẹ̀, ó ń gbọ̀n mí títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ wò mí ṣúú. Ọ̀kan nínú wọn sáré lọ bu omi wá fún mi, kò sọ nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n máa ya àwòrán, mo jókòó, mo ń wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

Ìrora náà yàtọ̀ sí gbogbo ìrora tí mo mọ̀ rí. Kì í ṣe ojú ọgbẹ́ ló ń dùn mí. Ìgbànú iná kan ló yí láti ẹ̀yìn mi gba abẹ́ apá, ó wá sí abẹ́ ọmú ọ̀tún. Ibì kan ń jó, ibi tó tẹ̀ lé e kú bí ẹni pé pajápajá mú un, síbẹ̀ bí aṣọ bá kàn fara kan ibi tó kú yẹn, yóò ta mí bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé ènìyàn. N kò lè wọ kọ́mú. Nínú ọkọ̀, mo ń fi ọwọ́ gbé bẹ́líìtì kúrò lára. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, mo jí. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ikọ́ dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí àga ní pálọ̀, ọkọ mi nìkan ló kù lórí bẹ́ẹ̀dì. A kò fi ara kanra mọ́ bí tẹ́lẹ̀. Ó ń bẹ̀rù kó má pa mí lára, èmi náà ń bẹ̀rù kó má fọwọ́ kàn mí, a kò sì lè sọ ọ́ fún ara wa.

Èyí tó já mi láyà jù lọ ni pé lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta, bí ẹni pé nǹkan kan ń wú níbẹ̀. Mo máa ń dúró níwájú dígí lóru, mo á máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lójú pé jẹjẹrẹ ti ṣí lọ síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo lara, “A dúpẹ́, ara ti le” ni mò ń sọ.

Àárẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ oorun. Mo lè sùn wákàtí mẹ́sàn-án kí n jí pẹ̀lú apá tó wúwo bí igi. Mo máa ń sunkún láìnídìí, ojú á sì tì mí, nítorí mo mọ àwọn tí a jọ ń lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣì ń gba kẹmotẹ́rápì, tí àrùn tiwọn kò ṣeé gé kúrò. Ta ni èmi tí wọ́n ti yọ tèmi láti máa sunkún? Mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá wà nínú irú èrò yìí báyìí pé ìdúpẹ́ àti ìrora lè jọ wà nínú ara kan náà. Ọ̀kan kò lé ìkejì jáde. Ó pẹ́ kí n tó fara mọ́ ọn.

Ní oṣù kẹta, mo lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì kan fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè 30 ló wà nínú apá kìíní, 13 míì sì wà nínú apá tó jẹ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ń béèrè: ṣé ó ṣòro fún yín láti rìn jìnnà, ṣé ẹ ní láti sinmi, ṣé oorun ń wá, ṣé ẹ ń húkọ́, ṣé èémí ń há yín bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣé ọkàn yín bàjẹ́. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà níwájú ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, láti “rárá” dé “púpọ̀ gan-an”. Irú fọ́ọ̀mù yìí ni wọ́n lò nínú ìwádìí Denmark àti VIOLET tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n máa sọ òtítọ́. Mo mú bírò, mo kọ rárá, rárá, rárá, láti òkè dé ilẹ̀. Mo rò pé bí mo bá kọ nǹkan míì, dókítà yóò rò pé n kò mọ rírì iṣẹ́ ọwọ́ òun. Mo tún ń bẹ̀rù pé bí mo bá dárúkọ ikùn tó wú yẹn, wọ́n á sọ ohun tí mo ń bẹ̀rù fún mi.

Nọ́ọ̀sì gba ìwé náà, ó wò ó, ó wá wò mí. Ó jọ pé ó ti kíyè sí bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?” Kí n tó lanu, ọkọ mi ti dáhùn.

“Ẹ dákun mà, ìyá àwọn ọmọ mi kò sọ òtítọ́ fún yín. Wọn kì í sùn. Orí àga ni wọ́n ń mọ́jú sí. Bí mo bá súnmọ́ wọn lápá ọ̀tún, wọ́n á gbọ̀n rìrì. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n sọ fún dókítà.”

Inú bí mi sí i. Mo sì bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ti ìlẹ̀kùn, ó fa àga sún mọ́ mi, ó mú fọ́ọ̀mù tuntun jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń dáhùn. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Bí ìgbé ayé mi ṣe yí padà lọ́jọ́ náà, kò sí oògùn kan tó ṣe é tó ogójì ìṣẹ́jú yẹn.

Dókítà wá, ó ṣàlàyé. Lábẹ́ egungun ìhà kọ̀ọ̀kan, iṣan kan wà tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Ihò kéékèèké tí wọ́n dá sáàárín ìhà, irinṣẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde fún wákàtí mélòó kan, rọ́bà náà sì tún dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Iṣan yẹn lè fara gbọgbẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ya egungun. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi yí mi ká bí ìgbànú, tó sì jẹ́ jíjó àti títa. Egbòogi ìrora tí gbogbo ènìyàn ń lò kì í fi bẹ́ẹ̀ ran irú ìrora iṣan bẹ́ẹ̀. Ó kọ gabapentin, oògùn kan fún ìrora iṣan, fún mi, kékeré ní alẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, a sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ó kìlọ̀ pé ó lè mú mi tòògbé tàbí kí òòyì máa kọ́ mi, àti pé n kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dá a dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ikùn tó wú náà ńkọ́? Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n gbé orí sókè, ó wo síkáànù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn iṣan abẹ́ ìhà yẹn náà ló ń lọ dé ara ikùn, bí wọ́n bá ti rẹ̀wẹ̀sì, ẹran ikùn tí wọ́n ń darí á dẹ̀, á sì yọ síta. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń padà sípò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Tèmi padà ní oṣù kẹjọ, kò sì dọ́gba tán títí di òní. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti fi dúró níwájú dígí lóru nítorí ohun tí a fi ìṣẹ́jú márùn-ún yanjú.

Ikọ́ gbígbẹ náà wọ́pọ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, pàápàá bí a bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tí a bá dùbúlẹ̀. Tèmi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó máa fi di oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí gbangba: bí ibà bá dé, bí èémí bá ṣàdédé há, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ikọ́ jáde, kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò. Kíá ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀ka fisiotẹ́rápì, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́ mi sọ́nà ní kí n rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú 6, ó wọn ibi tí mo rìn dé: mítà 340. Ó ṣàlàyé fún mi pé àyè tí abala òkè fi sílẹ̀ kò ṣófo mọ́. Abala méjì tó kù ti fẹ̀ díẹ̀, iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn ti gòkè, gbogbo inú ti tún ara rẹ̀ tò. Mo fẹ́ràn àlàyé yẹn gan-an. Títí di ìgbà yẹn, ihò ni mo ń rí bí mo bá ronú kan inú àyà mi.

Ohun tó kọ́ mi kò le, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Kí n máa fi imú fa èémí, kí n sì súnnu bí ẹni tó ń fẹ́ iná, kí n tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí n máa tú èémí jáde nígbà tí mo bá ń gbé nǹkan tàbí tí mo bá ń gòkè, kí n má dì í mú. Kí n máa gbé apá ọ̀tún sókè lójoojúmọ́, nítorí èjìká tí a kò bá lò nítorí ìrora á le gan-an. Kí n máa rìn, kí n sì sinmi kó tó rẹ̀ mí. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹjọ, mo rìn mítà 430. Mo kọ nọ́ńbà yẹn sẹ́yìn ìwé ìkọ́ni mi, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní kíláàsì, mo tún ìkàwé kọ́. Mo ń fi pẹ́ńsùlù fàlà sí ibi tí màá ti mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ń jókòó kà. Ọ̀gá ilé ìwé wa wá ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan fún mi tí mo ń fi há ọrùn aṣọ. Mo ti rò pé àwọn ọmọ yóò kùn pé ìtàn ti ń falẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, níbi tí mo bá ti dúró láti mí, àwọn ni wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Kíláàsì mi kò gbádùn mọ́ni tó báyìí rí, n kò sì ní padà sí ti tẹ́lẹ̀ bí èémí mi tiẹ̀ pé.

Èyí tí kò tíì kúrò ni ẹ̀rù síkáànù. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń yẹ̀ mí wò ní ọdún méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò di ọdọọdún. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, gbogbo ikọ́ di àmì, gbogbo ẹ̀yìn dídùn di ẹ̀rí. Mo ti gbìyànjú láti má rò ó, kò ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo ń sọ fún ọkọ mi pé, “Ọ̀sẹ̀ yẹn ti dé o,” òun náà á mọ̀ pé sùúrù mi yóò kúrú, a ó sì jọ máa lọ bẹ́ẹ̀ títí èsì yóò fi jáde.

Ní oṣù tó kọjá, ó pé ọdún méjì. Síkáànù mọ́. Abẹ́ ọmú ọ̀tún ṣì ní ibì kan tó kú, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ kì í dà mí láàmú mọ́. Bí mo bá dé ẹ̀kẹta, mo ń dúró. Wọ́n tún fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ “rárá” síwájú ọ̀pọ̀, òtítọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti bi mí bóyá èémí ń há mi lórí àtẹ̀gùn, mo kọ “díẹ̀”.

Nọ́ọ̀sì mìíràn ni, ọmọbìnrin kékeré kan. Ó fi ìka sí ibẹ̀. “Díẹ̀ báwo, mà?”

Mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un.